Ìka Mẹ́rin Lábẹ́ Mọ́gáàdì

Lánàá, bí mo ṣe gbé ọkọ̀ mi dé ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà lójú ọ̀nà Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, òórùn rọ́bà gbígbóná gba imú mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn, imú lẹ máa bò. Èmi, ṣe ló gbé mi padà sí ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ọdún tí mo gbọ́n ju gbogbo ará ilé wa lọ. Kí ẹ má ṣàṣìṣe o: èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mo gbọ́n.

Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù kan nígbà náà, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọ́n gbàgbé. Iṣu, gbágùúdá, kaṣú, bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin nínú aṣọ funfun wọn, kò sí ohun tí kì í rù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí àfi téèyàn bá kọ́kọ́ fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a. Ṣùgbọ́n ó lọ sílẹ̀ dáadáa. Ìyá-àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kàn máa ń kẹ̀yìn sí i ni, á fìdí lé ìjókòó iwájú, á wá yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Á ní, "Ó yá, awakọ̀." Nínú gbogbo ayé, òun nìkan ló ń pe bàbá mi ní awakọ̀.

Ọmọ Òkè-Bùkún ni Ìyá-àgbà. Ó ti pẹ́ tó ti wálé ọkọ ní Kàbà, àmọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ṣì wà lọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ ò sì ríran mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Ìyá-àgbà lọ́dún yẹn: kí wọ́n gbé òun lọ, kí àbúrò òun tún fọwọ́ pa òun lójú, kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́. Táyà ọkọ̀ sì ti jẹ tán, ó ń dán bí orí bàbá mi. Bàbá ní ká kọ́kọ́ wá táyà tuntun ná.

Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé ti dìde. Mo ní mo mọ nọ́ńbà ara táyà kà. Irọ́ kọ́, mo mọ̀ ọ́n: ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, ìkejì ní í sọ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó, ìkẹyìn ni ìwọ̀n ríìmù. Mo fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ fún bàbá mi bíi tíṣà, adìẹ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Inú bàbá dùn, ó ní gbogbo iṣu tí òun tà torí ilé ìwé mi kò ṣègbé. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé mo ti rí píkọ́ọ̀pù kan nínú kàlẹ́ńdà, táyà rẹ̀ ga bíi ti katakata, ọmọkùnrin kan fara tì í pẹ̀lú awò dúdú lójú. Lọ́kàn mi, mo ti bá ọmọkùnrin yẹn gbé orí rẹ̀ kúrò, mo ti gbé tèmi sí i. Ẹ wo orí tí mo fẹ́ fi pààrọ̀!

Bàbá Táyà là ń pe àgbàlagbà tó ń lẹ táyà ní oríta wa. Kì í pààrọ̀ ìwọ̀n táyà fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé èèyàn kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Á máa fi ìkíni ilẹ̀ wa ké sí àwọn tó ń kọjá, "Okun o! Ẹ bá mi gun ọkọ̀ yìí!" Tí wọ́n bá ti gùn ún tí ọkọ̀ rọ̀ wálẹ̀, á ní kí wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, kí wọ́n yí i sósì, á wá ki ìka mẹ́rin bọ àárín táyà àti mọ́gáàdì, irin tó bo orí táyà. Tí ìka bá há, táyà yẹn ò wọlé nìyẹn.

Mo ní kò sáyè àwàdà, ká kàn de ríìmù ńlá àti táyà gíga tí mo yàn.

"Táyà kì í ṣe fìlà," ó sọ fún mi. "Ẹrù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọn kì í fi ojú wọ̀n ọ́n."

"Bàbá, ó wà nínú ìwé."

"Ìwé wo?"

"Ìwé ọkọ̀." Mi ò fojú kan ìwé ọkọ̀ rí láyé mi.

Ó yíjú sí bàbá mi. "Ṣé bí ọmọ yìí ṣe wí lẹ fẹ́?"

Bàbá mi wò mí, ó ní, "Ọmọ mi kàwé."

Gbólóhùn yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Ìyá-àgbà kẹ̀yìn sí ọkọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó fìdí wá ìjókòó, kò bá a níbẹ̀. "Háà! Ta ló jí àga mi gbé?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé àpótí ìdáná jáde, ó gun orí rẹ̀, bàbá mi sì gbé e wọlé bí ọmọ ọwọ́. Mo wà lẹ́yìn lórí iṣu tó ń gbé lọ fún àbúrò rẹ̀, mò ń juwọ́ sí àwọn tí kò juwọ́ sí mi.

A ò tíì gun òkè tán tí táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ha mọ́gáàdì. Mo gbọ́ òórùn yẹn. Mo dákẹ́, mo rò pé tí mi ò bá sọ̀rọ̀ ó máa tán. Ní kọ́nà kejì, gbàù! Irin ti gé ẹ̀gbẹ́ táyà bí ẹni gé iṣu. Ọ̀kan nínú táyà àtijọ́ la mú ṣe sìpíà. A dè é, ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Bàbá ní kò lè gun òkè báyẹn. A yí padà.

Ìyá-àgbà ń wo òkè náà títí ó fi bọ́ sẹ́yìn wa. Ó wá ní, "Má sunkún, ọmọ ìwé. Mo ṣáà rí ojú ọ̀nà."

Kí a tó rí táyà tó bá ọkọ̀ mu, òjò dé, ọ̀nà já. Nígbà tí ọ̀nà gbẹ, iṣẹ́ tí wọ́n rán wá láti Òkè-Bùkún ló ṣáájú wa. A lọ náà. Ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ bíi tàtijọ́, Ìyá-àgbà fìdí wọlé fúnra rẹ̀, kò pe awakọ̀. Nígbà tá a débẹ̀, ilẹ̀ sàréè àbúrò rẹ̀ ló fọwọ́ pa.

Wọn ò sí mọ́, Ìyá-àgbà àti bàbá mi àti Bàbá Táyà. Píkọ́ọ̀pù yẹn wà lórí òkúta lẹ́yìn ilé wa, adìẹ ń yé sí ìjókòó iwájú. Èmi náà ti ní tèmi. Ọmọkùnrin tó fẹ́ de táyà fún mi lánàá kò fi ìka wọn nǹkan kan, fóònù ló tẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó máa gba èyí tó ga jù báyìí lọ. Ẹ máa gbádùn ẹ̀!" Ó ti de ọ̀kan sí i.

Mo bọ́ sí títì, mo pariwo, "Okun o! Ẹ bá mi gun ọkọ̀ yìí!" Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú, àmọ́ èèyàn márùn-ún gùn ún, ọ̀kan tiẹ̀ gbé ewúrẹ́ dání. Mo ki ìka mẹ́rin bọ abẹ́ mọ́gáàdì ti táyà gíga náà. Ó há. Mo ní kó gbé e kúrò, kó de ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ padà. Nígbà tó dè é tán, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo kẹ̀yìn sí i bíi ti Ìyá-àgbà, mo fìdí lé ìjókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún ń wọ̀n yẹn?"

Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣì kan ilẹ̀.