Erùpẹ̀ fún Ata Ẹ̀gbọ́n Wọn

Ìyá àgbà ki ìka bọ agolo mílíìkì, wọ́n bu erùpẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì dà á nù. Wọ́n gbé agolo mìíràn. Ojú fèrèsé yàrá wọn ládùúgbò Gàmbàrí ni gbogbo agolo náà wà, torí ewúrẹ́ kì í jẹ́ kí ewé kankan dàgbà lójúde wa. Ẹ̀kọ ti ń jó lórí iná. Wọn ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló ń ṣàìsàn ládùúgbò kejì. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yìí mọ́. Ọbẹ̀ ata rodo kan tó máa ń pọ́n bí ìyeyè, èyí tí àwọn méjèèjì bá lẹ́yìnkùlé ìyá wọn, ni wọ́n ń bèèrè. Àwọn èèyàn sì ti kọ́lé lé ẹ̀yìnkùlé náà. Irúgbìn ata náà tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Ìyá àgbà ò tó ẹ̀kúnwọ́. Èyí tí Ìyá àgbà kọ́kọ́ gbìn sínú erùpẹ̀ ààtàn hù, ó jẹrà nídìí, ó ṣubú.

"Ààtàn lọ́ràá jù," ni wọ́n wí fún èmi ọmọ-ọmọ wọn. "Ṣé iyán lèèyàn ń fún ọmọ tuntun ni?"

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá erùpẹ̀ mìíràn káàkiri nìyẹn. A bu iyanrìn odò. Omi ò dúró nínú rẹ̀, irúgbìn tí wọ́n fi dán an wò gbẹ. A gba ìyẹ̀ pákó lọ́wọ́ káfíńtà kan ní Táíwò Road. Ó mumi títí ó fi bu. Ìyá àgbà ò lè jókòó. Bí wọ́n bá ń fa tẹ̀súbà, wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á lọ tẹ erùpẹ̀ wò.

Níkẹyìn, wọ́n jọ erùpẹ̀ etídò, wọ́n yan án nínú ìkòkò, wọ́n wá po èèpo ìrẹsì tí wọ́n ti sun dúdú mọ́ ọn. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo agboolé.

"Ìyá, ṣé erùpẹ̀ la máa jẹ lónìí ni?" ìyàwó kan nínú agboolé bi wọ́n.

"Àìsàn inú erùpẹ̀ yìí ni mò ń pa," ni wọ́n fèsì. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ata náà hù, ó sì dúró. Nígbà tó so, tó pọ́n, a gbé ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn fìka tọ́ ọ wò, wọ́n dijú, wọ́n ní, "Ti màmá wa ni." Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún bèèrè sí i. Ìkórè kejì ò bá ẹ̀gbọ́n wọn láyé.

Àdúgbò Adéwọlé ni mò ń gbé báyìí. Bí ara ọmọ mi bá gbóná, ọkọ mi á ní kí n jókòó, kí n ní sùúrù. Mi ò lè jókòó. N óò máa wá nǹkan ṣe káàkiri ilé ni. Nígbà ọmọdé, mo rò pé sùúrù ni Ìyá àgbà ò ní; àṣé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé ẹ̀rù lè máa ba èèyàn, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì dúró.