Orin Tí Ìyá Wa Fọwọ́ Dí

Àkànó, ọmọ bàbá mi. Àkànó ọ̀kín, olóhùn tó ń la igbó já bí agogo idẹ. Ọmọ àgbẹ̀ tó kọjú ilé sí ojú irin, tí ariwo ọkọ̀ kò lè jí lójú oorun. Ọmọ ilé ńlá tí àlejò kì í sùn lébi níbẹ̀. Àkànó, àbúrò mi, tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi mọ ìwọ̀n rẹ̀. Sùn re o.

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níbí yìí, mo tilẹ̀ rántí ti obìnrin tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ifo nígbà náà. Ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lónìí, oríkì tirẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kó gba ẹnu mi.

Mọ́sálásí kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa. Àkànó ṣì ń sá tẹ̀lé ewúrẹ́ kiri nígbà tí wọ́n ti ń ní kó wá pe ìrun. Tí ohùn yẹn bá jáde, àwọn tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin á dáwọ́ dúró. Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn lórin gbé e sí iwájú. Ibẹ̀ ló ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá wa kò bá a jà. Nílé wa, à ń jẹ ẹran Iléyá pọ̀, à ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì pọ̀.

Ìjọba ló rán an lọ sí òkè òkun láti lọ kọ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú. Látífíà ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà, Rọ́ṣíà ló ń darí wọn nígbà yẹn. Ó kọ̀wé sílé pé òtútù ibẹ̀ a máa mú odò dì, tí àwọn ọmọdé á máa sáré lórí rẹ̀. Ìyá wa ní kí wọ́n kọ̀wé padà pé kó má pa irọ́ mọ́. Ìyá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń gbé gbọ́ ọ níbi tó ti ń fọṣọ tó ń kọrin, ló bá fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ orin. Wọ́n ní tẹ́nọ̀ ni, ìyẹn ohùn ọkùnrin tó ń gòkè jù. Lọ́sàn-án, ó wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di ilé ọ́pẹ́rà, níbi tí wọ́n ti ń fi orin ṣe eré orí ìtàgé. Ó kọ́kọ́ wà láàárín àwọn tó ń gbe orin. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe ìránṣẹ́ ọba nínú eré, tó máa ń wọlé wá sọ pé ogun ti dé, tó sì tún máa jáde. Nígbẹ̀yìn, ó di ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó níta.

Ikú Bàbá wa ló mú un wálé. Ó bá àdúrà ọjọ́ kẹjọ. A ń ṣa ẹ̀wà fún sàárà lọ́wọ́ nígbà tó jókòó tì mí, tó ń ṣàlàyé fún mi pé nínú ọ́pẹ́rà, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

“Tẹ́nì kan bá fẹ́ bu omi mu ńkọ́?”

“Orin ni, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Òùngbẹ á ti pa á kí orin tó tán.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, àbúrò Bàbá wa ní, “Àkànó, wọ́n ní o ti di ọ̀gá olórin lọ́hùn-ún. Jẹ́ ká gbọ́ ọ.” Ó dìde lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbọ́wọ́ lé ikùn. Ó ti sọ ìtumọ̀ orin náà fún mi: ọkùnrin kan dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń wo ilé bàbá rẹ̀ bó ṣe ń kéré lọ. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Èdè tó fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n rí ni àrẹ̀mọ olóògbé, tó la ẹnu sókè, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àǹtí wa kan bú sẹ́kún. Áfáà fò dìde.

“Ẹ pa á lẹ́nu mọ́! A kì í pohùnréré ẹkún lé mùsùlùmí lórí!”

Ìyá wa sáré dé ibẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu Àkànó. “Ó tó, ọmọ mi. Ó tó. Bàbá ẹ ti gbọ́.”

Ojú rẹ̀ nìkan ló yọ lókè ìborùn. Ó lè ṣàlàyé, kò ṣàlàyé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Áfáà, ó ní kí wọ́n máà bínú. Nígbà tí àlejò tú ká, mo bi í pé kí ló kù nínú orin náà.

“Ibi tó dùn jù ló kù.”

Òun ni àrẹ̀mọ, kò lè fi Ìyá sílẹ̀, kò sì padà sí Látífíà mọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ra ilẹ̀ sí Mowe nígbà tó ṣì jẹ́ igbó, ó ń kọ́ àwọn kọ́áyà ní Mowe, ní Ibafo, ní Magboro. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde kan, mo wé ìborùn mi, mo jókòó sẹ́yìn, mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe gba orí gbogbo èèyàn kọjá. Ó dùn mọ́ mi nínú. Síbẹ̀, orin yẹn kọ́ ni. Ìgbàkígbà tí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó parí rẹ̀ fún mi, á ní, “Ìyá ló dá mi dúró. Ẹ ní kí wọ́n wá ní kí n máa bá a lọ.” Ìyá kú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ti wá di ẹjọ́ òkú báyìí.” Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́.

Nígbà tí àìsàn àyà dá a gúnlẹ̀, mo kó aṣọ mi lọ sí Mowe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ní, “Ẹ jókòó.” Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ohùn náà ti fẹ́lẹ́, ó dà bí èéfín, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ó dé ibi tí Ìyá ti fọwọ́ dí i. Ó fa èémí. Ikọ́ ló jáde.

“Ibẹ̀ yẹn ló ti ń gòkè,” ló wí nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀. “N ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Télọ̀ á parí ẹ̀ fún yín.”

Télọ̀ kan ní Ibafo ló ń sọ, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní tẹ́nọ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àkànó kú.

Àwọn kọ́áyà rẹ̀ sọ pé Télọ̀ ni yóò kọ orin náà létí sàárè. Mo lọ bá olórí ẹbí wa ní Ifo, mo kúnlẹ̀.

“Ṣebí ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í rí sàárè àbúrò,” ni wọ́n wí.

“Mi ò ní wò ó, Bàbá. Màá kọ̀yìn sí i. Orin ni mo fẹ́ gbọ́.”

“Tí ẹsẹ̀ yín bá ti débẹ̀, ẹ ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má fi èèwọ̀ kún ọ̀fọ̀.”

Télọ̀ gbọ́ pé n kò ní lè wá. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, ó wọkọ̀ wá sí Ifo, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú pálọ̀ mi.

“Mọ́mì, mo wá kọ ọ́ fún yín. Gbogbo ẹ̀, látòkèdélẹ̀.”

Ó ti gbọ́wọ́ lé ikùn, bí Àkànó ṣe kọ́ ọ. Mo wo ọwọ́ yẹn. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń wá òpin orin yìí, ó ti dé pálọ̀ mi.

“Má kọ ọ́,” ni mo wí.

“Mọ́mì?”

“Tí mo bá gbọ́ tìẹ, tìẹ ni màá máa gbọ́. Ìdajì tó wà létí mi, ohùn Àkànó ni. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Lọ kọ ọ́ fún un.”

Ó sunkún. Mo fún un lómi, mo sìn ín dé títì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín ní Mowe. Èmi wà ní Ifo.