Josiah Kò-Tàn-Mọ́ àti Ilé Onítáyà

Bí ẹ bá dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ń bèèrè Josiah riwáyà, wọ́n lè máa wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè Kò-Tàn-Mọ́, àwọn ọlọ́kadà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹni tí yóò gbé yín débẹ̀. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni Josiah ń ṣe, ibi iṣẹ́ náà ni orúkọ yìí sì ti wá. Bí iná pupa kékeré kan bá ń tàn níwájú awakọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ bá a. Kí ẹ tó jẹ búrẹ́dì àti míníráàlì tán, ó ti yọrí jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á ní, "Ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ṣé ó tàn?" Ẹ ó ní kò tàn. "Kò tàn mọ́ nìyẹn," ni yóò sọ, á sì tẹ́wọ́.

Ohun tó ṣe lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò ju pé ó yọ gílóòbù iná náà lọ. Àìsàn ọkọ̀ wà níbi tó wà, ó ń jẹun, ó ń sanra. Agolo mílíìkì ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó fi ń kó àwọn gílóòbù tó ti yọ sí, ó sì máa ń mi agolo náà wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ fún àlejò bí ẹni pé ife ẹ̀yẹ ló gbà.

Ẹ má tíì pè é ní oníjìbìtì o. Àwọn oníbàárà ló ń bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó sọ fún un pé, "Bá mi wo ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí." "Bá mi pa iná yìí, ojú ń tì mí" ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan fẹ́ ta ọkọ̀ lọ́la, òmíràn fẹ́ fi tirẹ̀ lọ kí àna. Josiah náà a máa ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sì máa fi ìdùnnú wakọ̀ lọ síbi tí yóò ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà ló ń ṣe nílé. Fisáyọ̀ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wá fún un. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó so ó mọ́ ọn lápá, ojú ọmọ náà yí padà. Josiah wo nọ́ńbà yẹn, ó ní, "Bátìrì ẹ̀ ló ti ń kú." Kò pẹ́ tó fi yọ àwọn bátìrì náà sínú rédíò rẹ̀. Comfort ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, ẹnu rẹ̀ bó. Josiah ní rédíò kì í bá òun wá ìjà ní tirẹ̀.

Bí ayé rẹ̀ ṣe ń lọ nìyí kí Ilé Onítáyà tó dé.

Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ìfẹ́dàpọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lókè òkun ló dáwó ra ọkọ̀ gbàǹgbà kan ránṣẹ́, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń rìnrìn àjò ìgbafẹ́: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, ibi ìfọwọ́ wà, bátìrì ńlá ńlá sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń gbé iná fún gbogbo inú ilé náà. Ẹgbẹ́ fẹ́ kó máa lọ láti abúlé sí abúlé láti tọ́jú aláboyún àti ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọdé Ọ̀yọ́ rí i lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ilé Onítáyà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Olóyè Ọládépò ni alága ẹgbẹ́ náà. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ìjọba kò tíì fẹ̀yìntì nínú rẹ̀. Bó bá fẹ́ sín, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ kí àwọn àlejò pàtàkì bí ipò wọn ṣe tẹ̀ léra. Nǹkan àkọ́kọ́ tó ṣe nígbà tí ọkọ̀ dé ni pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ pátákó onírin kan, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó sí i, kí wọ́n sì fi sukúrù kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níta.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kan pátákó yìí ni iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níwájú awakọ̀. Mubaraq tó ń wa ọkọ̀ náà gbé e wá sí Takie, Olóyè fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Josiah. Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, mi ò fẹ́ rí iná yẹn lójú fọ́tò."

"Kò sí wàhálà, sà."

Ó yọ gílóòbù, iná kú, Olóyè sì kí i kú ọgbọ́n orí.

Ṣùgbọ́n Alhaji Abdulqoyum, tó fi fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú ọkọ̀ náà, wá wo pátákó, ó rí i pé orúkọ ẹni tó fún wọn ní kọ́tìnì wà lókè tòun. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé fíríìjì òun. Kíá ni wọ́n ṣe pátákó mìíràn, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, sukúrù rẹ̀ sì gùn. Ọkọ̀ kò tíì kúrò ní Ọ̀yọ́ tí iná kejì fi tàn, nínú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ariwo kíí-kíí-kíí. Ó tún di Takie. Josiah gé wáyà aláriwo yẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ màmá olóògbé kan ní wọn kò kọ orúkọ ìyá àwọn. Pátákó kẹta dé, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi sukúrù tó nípọn kàn án. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín lókè bẹ́ẹ̀dì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Josiah tú u lódindi, ó jù ú sínú agolo.

Ẹni tó bá ní ojú inú á ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ni gbogbo wọn ń wò, ta ló fẹ́ wo sukúrù?

Olóyè dúpẹ́ títí, ó ní kí ni òun lè ṣe fún Josiah. Josiah ní ọmọ òun ń wá iṣẹ́. Báyìí ni Fisáyọ̀ ṣe di nọ́ọ̀sì Ilé Onítáyà. Ìhà Iresa ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, inú ọkọ̀ náà ni yóò sì máa sùn, nítorí kò sí ilé tí wọ́n lè gbà fún un nítòsí. Inú Josiah dùn, ó ń sọ fún gbogbo Takie pé ọmọ òun yóò máa sùn nínú ilé tó ní táyà mẹ́fà.

Fisáyọ̀ nìkan ló bi í pé, "Bàbá, kí ló tiẹ̀ ń ṣe ọkọ̀ yẹn tó ń wá léraléra?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ṣé o rí iná kankan níbẹ̀ ni?"

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Pápá ilé ìwé kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n lò. Wọ́n tan gbogbo nǹkan inú ọkọ̀ sílẹ̀ kí àwọn àlejò lè rí i: fíríìjì ń kùn, fáànù ń fẹ́, gílóòbù ń tàn lọ́sàn-án gangan. Olóyè ti ní bí àwọn bá ti gé ríbọ́ọ̀nù tán, Iresa ni ọkọ̀ ń lọ tààrà. Fisáyọ̀ wọ aṣọ funfun, ó fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé láti fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ hàn án. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó ti gbé ìrọ̀rí ti ògiri.

Josiah fọwọ́ ti ògiri kó lè bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ògiri náà gbóná.

Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e padà. Ó rò pé oòrùn ni. Ó na ọwọ́ sí ògiri òdìkejì tí oòrùn ń pa, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó wà níbi ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀, tó wà lábẹ́ ibòji kánópì, ń jó o lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wáyà bátìrì gbà. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ níta? Pátákó ni. Pátákó àkọ́kọ́, iná àkọ́kọ́. Pátákó kejì, ariwo. Pátákó kẹta, èéfín. Ó gbójú sókè wá ẹ̀rọ èéfín, ihò tó ti tú u kúrò ló rí. Ó wo ibi iná ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣókùnkùn. Kò sí èyí tó lè bi léèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Òun ló pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́.

"Bàbá, ṣé ó dáa?" Fisáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù bà á. Kí n má purọ́, orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rò, bí wọn yóò ṣe máa sọ ọ́ láti Ọ̀yọ́ títí dé Takie. Lẹ́yìn náà ló tún wo ìrọ̀rí yẹn.

"Sọ̀ kalẹ̀," ló sọ. "Fisáyọ̀, sọ̀ kalẹ̀ báyìí!"

Níta, Olóyè ń ka orúkọ àwọn tó dáwó lọ lórí makirofóònù. Josiah gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó yọ irinṣẹ́ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú sukúrù pátákó. Ẹnu ya gbogbo èrò. Alhaji Abdulqoyum fò dìde lórí àga.

"Ẹ wò ó! Ọ̀dọ̀ orúkọ tèmi ló ti bẹ̀rẹ̀!"

"Josiah, kí lò ń ṣe?" ni Olóyè sọ, ó gbàgbé pé makirofóònù ṣì wà lẹ́nu òun.

"Mubaraq, yọ orí bátìrì, tètè!"

Sukúrù tó kẹ́yìn jáde, ó dúdú bí èédú. Òórùn rọ́bà jíjó tẹ̀ lé e, èéfín tín-ín-rín kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ihò náà. Josiah kọjú sí wọn, òógùn bò ó.

"Sukúrù pátákó yín ló ti wọnú wáyà. Ọkọ̀ yìí sọ fún wa títí. Èmi ni mo yọ gbogbo iná tó ń sọ ọ́. Mi ò tún nǹkan kan ṣe rí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ lọmọ mi ì bá sì sùn lálẹ́ òní."

Olóyè gbé makirofóònù kúrò lẹ́nu, ó tẹ̀ sí etí Josiah, ó ní, "Ṣé o ò wá lè dúró ká ya fọ́tò tán ni?"

Ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ náà. Iná tó fẹ́ jó ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibi tí orúkọ yóò wà ni. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́, ni ìjà tuntun bá bẹ́ lórí àwọ̀ ọ̀dà. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, Josiah ti pààrọ̀ wáyà, ó ti fi rọ́bà bo ibi tó ń gbà lára irin, ó sì ti dá gbogbo ohun tó yọ padà láti inú agolo, kò gba kọ́bọ̀.

Òkìkí rẹ̀ yí padà ní Takie. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú: ẹ gbé iná kan lọ bá a, ẹ ó gbọ́ àìsàn mẹ́ta. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ti rí riwáyà mìíràn nísàlẹ̀ ọ̀nà, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí kì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dun Josiah, kò sì fi pamọ́.

Láràárọ̀ ni Fisáyọ̀ ń pè é láti inú Ilé Onítáyà ní Iresa.

"Yí kọ́kọ́rọ́," á ní. "Má tíì sítáàtì ẹ̀. Ṣé wọ́n tàn?"

"Gbogbo wọn tàn, Bàbá."

"Ó yá, sítáàtì ẹ̀."

"Wọ́n ti kú."

Ìgbà yẹn ni yóò tó mí. Ó ti ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́ báyìí pé iná tó tàn kó tó kú, ara ọkọ̀ le nìyẹn. Èyí tí kò tàn rárá, ẹnì kan ló fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí iná ti tàn tó sì ti kú, Fisáyọ̀ kò tíì gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ẹ̀rọ tí mo rà fún yín?"

"Bátìrì ẹ̀..." ni Josiah bẹ̀rẹ̀. Rédíò ń ka ìròyìn lórí tábìlì. Ó nawọ́ mú un, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ àwọn bátìrì náà lágbede méjì ọ̀rọ̀. Comfort yọjú láti ilé ìdáná, ó wo bó ṣe ń fi wọ́n sínú ẹ̀rọ. Ó so ó mọ́ apá, ẹ̀rọ tàn, ó fún un lápá pinpin. Nígbà tí nọ́ńbà jáde, Josiah kà á fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe rí, kò yọ nǹkan kan kúrò.

Fisáyọ̀ ní kó tún nọ́ńbà náà kà.

"Bàbá, ẹ má lọ ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ẹ wọkọ̀ wá bá mi níbí, kí n fúnra mi wò yín."

"Mò ń bọ̀," ni Josiah sọ, ó sì ń wá bàtà rẹ̀.