Imú Ezra Zeiset

Ezra Zeiset gbà pé imú òun tó ṣe dókítà. Bí wọ́n bá bí ọmọ láàárín àwa onígbàgbọ́ Mẹnonáìtì ní ìlú Penn Yan, òun ni í ki òwú bọ ìkókó létí, á gbóòórùn rẹ̀, á ní: "Ó mọ́." Àwa náà á dúpẹ́. Àwa òmùgọ̀.

Gbogbo wa la mọ àrùn náà. Bàbá ní in lẹ́jẹ̀, ìyá ní in lẹ́jẹ̀, kò hàn lára wọn. Ara ọmọ ló ń jáde sí. Etí ọmọ á máa ta sánsán bí ṣúgà igi mépù. Ọmú ìyá á di májèlé. Ọpọlọ á wú. Ọmọ méjì ni àbúrò Ezra sin. Òtútù ló pa wọ́n, Ezra ló wí bẹ́ẹ̀.

Lavina Nolt fi ìjọ sílẹ̀ torí ìwé. Ó padà wá, iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn fún un ni kí ó máa jókòó nílé ìdáná wa, kí ó máa la àrùn ìdílé yé wa. A fún un ní páì jẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ò jẹ ẹ́.

Ó ti kìlọ̀ fún Edna, ìyàwó ọmọ Ezra: "Bí o bá ti bímọ, ẹ mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá kíá." Edna bí Titus lóṣù Máàṣì. Ezra ní kò sẹ́ni tó máa mú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà.

Oṣù Máàṣì. Àsìkò tí à ń se omi ara igi mépù di ṣúgà. Ìkòkò ń hó lẹ́yìnkùlé; aṣọ, búrẹ́dì, ibùsùn, gbogbo rẹ̀ ń ta sánsán. Ezra fi ọmọrogùn sílẹ̀, ó ki òwú bọ etí ọmọ.

"Ó mọ́."

Kò pẹ́, Titus kò mu ọmú mọ́. Edna ránṣẹ́ pe Lavina.

Lavina gbé ọmọ jáde, ó di inú pápá, nínú yìnyín, níbi tí èéfín kò dé. Ó gbóòórùn etí rẹ̀; ó ṣì ń ta sánsán.

"Bàbá Ezra, ẹ máa bọ̀ níbí."

"Ìwọ ọmọ Nolt, omi mépù ló ta sí i lára."

"Nínú etí? Ṣé ibẹ̀ lẹ gbé ìkòkò kà ni?"

Ezra tẹ̀ba. Ó gbóòórùn etí ọmọ.

"Edna, má fún un lọ́mú mọ́. Wọ mọ́tò mi, ilé ìwòsàn yá."

Titus yè. Mílíìkì ilé ìwòsàn ló ń mu. Ezra sì ń sọ fáwọn èèyàn lẹ́yìn ìsìn pé imú òun ló gbóòórùn àrùn náà ní pápá.

Nígbà tí aládùúgbò wa bímọ, Ezra dé pẹ̀lú òwú rẹ̀. Edna ló bá lẹ́nu ọ̀nà, Titus ní ìbàdí rẹ̀.

"Bàbá, Lavina ti mú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ. Ẹ padà sídìí ìkòkò yín."