Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Nídìí Dùùrù Lọ́jọ́ Ìsìnkú Bùnmi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ẹnu ara mi fà ní Tamale, ní Ghana níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ọwọ́ mi ni kì í gbà. Ẹ má retí ẹ̀rín púpọ̀ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Kalpohin. Dùùrù wa kò ní páìpù kankan! Inú láptọ́ọ̀pù ni gbogbo ohùn rẹ̀ wà. Ohun tí ẹ máa rí ni kíbọọ̀dù méjì tí a gbé léra wọn, pátákó ìfẹsẹ̀tẹ̀ nísàlẹ̀, àti àpótí kékeré kan tó ń gba ohun tí mo bá tẹ̀, tó ń gbé e lọ fún láptọ́ọ̀pù. Iṣẹ́ yẹn là ń pè ní MIDI. Bí àpótí yẹn bá kú, màá kàn máa jó lórí àga ni, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Wálé, ọ̀rẹ́ mi, ló ń bójú tó iná àti máìkì wa. Àdúgbò Kanvili ló ń gbé pẹ̀lú Bùnmi ìyàwó rẹ̀, tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, àti Tòmíwá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Bùnmi ṣàìsàn. Wọ́n rò pé ibà lásán ni, wọ́n ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n ń dúró kí ara fúyẹ́. Ara ò fúyẹ́. Nígbà tí Wálé fi máa gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá Bùnmi àti Bọ̀dá Jídé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsìnkú. Ojú Màmá le sí Wálé. Wọn ò sọ nǹkan kan sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi Bọ̀dá Jídé: kí ló dé tí kò tètè gbé ọmọ àwọn lọ sí ọsibítù? Kí ló ń dúró dè?

Ohun kan ni Wálé bẹ̀ mí. Ó ní òun ò ní lè sọ̀rọ̀ níwájú pósí, kí n ṣáà tẹ orin tí Bùnmi fẹ́ràn jù, kí n tẹ̀ ẹ́ já, kí Màmá lè mọ̀ pé a fẹ́ràn ọmọ wọn níbí. Bóyá inú wọn á rọ̀ sí òun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi!

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo nu eruku ọyẹ́ kúrò lára kíbọọ̀dù, mo tan gbogbo ẹ̀, mo dán an wò, ó dún dáadáa. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo jáde lọ kí àwọn àlejò. Ṣé ẹ mọ ìṣe Wálé? Bí iná bá ti ń ṣẹ́jú, á ti sáré lọ pa nǹkan, torí iná ti ba àpótí wa kan jẹ́ rí. Iná ṣẹ́jú láàárọ̀ yẹn. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀fọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wọlé, ó pa àpótí náà, ó gbàgbé láti sọ fún mi.

Wọ́n gbé pósí wọlé. Mo tẹ kíbọọ̀dù, kò dún. Wáyà ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Sípíkà? Kò sí nǹkan tó ṣe é. Láptọ́ọ̀pù ní òun ò rí kíbọọ̀dù kankan. Ìgbà tí mo wọ abẹ́ àga ni mo tó rí i pé àpótí ti kú. Mo tàn án padà, wàhálà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀! Láptọ́ọ̀pù ò mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́. Mo na ọwọ́ tẹ kíbọọ̀dù òkè, ohùn ẹsẹ̀ ló jáde, ohùn kìjikìji kan. Mo gbọ́wọ́ kúrò, kò dákẹ́! Àṣẹ pé kó dún ti dé ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù, àṣẹ pé kó dákẹ́ kò dé. Ó ń kùn hùùù lórí òkú Bùnmi.

Ẹ mọ̀ mí, kì í pẹ́ tí inú fi ń bí mi. Mo yọrí lábẹ́ àga, mo jágbe pé, "Ta ló pa á? Mo ní ta ló pa á?"

Máìkì àwọn akọrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wà ní títàn!

Wálé dìde níwájú, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mo pa á. Ẹ má bínú."

Ṣé ó yé yín? Àpótí lèmi ń wí. Ṣùgbọ́n "pa á" kò mọ̀yàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ àti èèyàn, òkú ìyàwó rẹ̀ ló sì wà láàárín wa. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ Yorùbá, wọ́n kàn ń wò wá. Màmá gbọ́. Wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n kígbe: "Ẹ gbọ́ o! Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!"

Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ̀rọ dùùrù ni mò ń bèèrè. Pásítọ̀ wa, ọmọ Dagomba tó jẹ́ ọmọ ìlú níbí, bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ó yé e kíá. Màmá tó gbọ́ Yorùbá ju gbogbo wa lọ ni kò gbà. Wọ́n ní, "Wọ́n bi í pé ta ló pa á, ó ní òun ni. Kí lẹ tún fẹ́ túmọ̀ fún mi?"

Bọ̀dá Jídé mú wọn jáde. Mo ti ètò dùùrù náà pa, mo tún un ṣí, mo fi kíbọọ̀dù hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ orin Bùnmi já. Ó dún dáadáa. Màmá tí mò ń tẹ̀ ẹ́ fún wà níta lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n di etí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Alhaji, àgbà Yorùbá kan tí wọ́n bí sí Zongo, àdúgbò àwọn àlejò níbí, bá wa bẹ̀ wọ́n. "Haba, Màmá! Wallahi, ẹ̀rọ ni! Ó kàn off ẹ̀ ni!" Asán. Bọ̀dá Jídé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìyá òun ò ní sùn mọ́ bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú Tòmíwá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wálé fúnra rẹ̀ ló di ẹrù ọmọ náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò jà, tí kò sọ pé ẹ̀rọ lòun ń wí. Ó ní nígbà tí mo kọ́kọ́ bèèrè, àpótí ló wá sí òun lọ́kàn. Nígbà tí mo tún un bèèrè, ojú òun wà lára pósí, òun ò wá mọ èyí tí òun dáhùn mọ́.



Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ pe orúkọ ẹ̀rọ. Bí inú bá sì ń bí yín nídìí máìkì, ẹ pa ẹnu mọ́ ná. Dùùrù ṣeé tún ṣe, mo tún un ṣe.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ ti sọ rí tí wọ́n gbọ́ sí nǹkan mìíràn, tí ẹ ò sì rí i kó padà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni má bú ìyá Bùnmi. Ojoojúmọ́ ni Wálé ń pe Ògbómọ̀ṣọ́ láti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, Màmá ló sì ni fóònù tó ń pè, àwọn ló lè kọ̀ láti gbé e.