Ayaba Iwin Tó Ń Gbé Thamesmead

Èmi ni akọ̀wé ìran ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan la máa ń háyà ní Woolwich, ní London. Bí ẹ̀mí bá ti bà lé ẹnì kan nínú ìsìn ìrọ̀lẹ́ Wednesday, tó ń sọ ohun tó ń rí, èmi ni màá sáré kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú báírò, kí n kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé pupa kan. Àwọn ẹlẹ́mìí wa kì í ṣe sùúrù fún ènìyàn o, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Tó bá di Sunday, Daddy ìjọ wa á kà á sí gbogbo wa létí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé mo ní ìwé pupa mìíràn. Mo rà wọ́n pọ̀ lọ́jà Woolwich ni, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ìtàn àròsọ mi ló wà nínú ìkejì, ìtàn ogun láàárín ọmọ ènìyàn àti iwin. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ di òǹkọ̀wé nígbà náà, ó ń gbẹ mí bí òǹgbẹ.

Auntie ló fa ìtàn náà. Ọ̀rẹ́ màmá mi ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ọdún mẹ́rin ni Auntie àti ọkọ wọn àti ọmọ méjì fi há sí yàrá kan ṣoṣo ní Woolwich, oyún ẹ̀kẹta sì ti wọ oṣù keje. Nígbà tí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, wá fún wọn nílé ní South Thamesmead, èmi ni mo bá wọn lọ wò ó. Búlúù ni ilẹ̀kùn ilé náà, adágún wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ń yan fanda lórí omi. Auntie ń fi ẹsẹ̀ díwọ̀n pálọ̀, wọ́n ń jó. Èmi ń wo omi ní tèmi. Kí n tó délé, ayaba iwin kan ti jókòó sábẹ́ adágún náà, inú sì ń bí i, torí ọmọ ènìyàn ti da kọnkéré yí i ká láìtọrọ àyè. Mo fi sí i lẹ́nu pé: “Ilé onílẹ̀kùn búlúù la ó kọ́kọ́ gbà. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, àwa àti ẹ̀ la jọ máa gbébẹ̀.” Orí mi wú! Mo kà á tán, mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

Sunday tó tẹ̀ lé e, mo ní iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mo bá fi ìwé ìran rán màmá mi sí Daddy. Ìwé tí mo gbé fún wọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, kò sí ìkòkò lórí iná. “Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta,” ni màmá mi wí. “Olúwa ti tú àṣírí Thamesmead.” Wọ́n ní bí Daddy ṣe kà á dé ibi tí ayaba ti dìde, gbogbo ìjọ pariwo. Àwọn ẹlẹ́mìí méjì tiẹ̀ ní àwọn ti rí obìnrin náà tẹ́lẹ̀, àwọn mọ aṣọ tó wọ̀. Mo gbé! Mo sáré wọ balùwẹ̀, mo ki táwẹ́lì bọnu kí ẹ̀rín má baà pa mí. Ẹ wo orí burúkú mi, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n gbádùn ẹ̀.

Ìgbà tí mo jáde ni màmá mi wá ní, “Auntie ẹ sunkún títí. Ó lóun ò gba ilé yẹn mọ́. Bí ò bá fọwọ́ síwèé títí Wednesday, káńsù á gbé e fún ẹlòmíì.” Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ Monday mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Daddy. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọn ò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù.

“Daddy, èmi ni mo fi orí ara mi ro ó. Àròsọ ni.”

Wọ́n wò mí tàánú-tàánú. “Ọmọ mi, ta ló fi sí ọ lórí?”

“Kò sẹ́nì kankan, sà.”

“Ṣé o rí i? Ìwọ náà ti di ẹlẹ́mìí, o ò mọ̀ ni.”

Inú bí mi! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kó sọ mí di òǹkọ̀wé, ẹlẹ́mìí ni wọ́n wá sọ mí dà.

Láàárọ̀ Wednesday, mo já wọ yàrá Auntie. Àpótí wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ìkòkò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Auntie alára jókòó sáàárín ẹrù.

“Auntie, ẹ dìde ká lọ gba kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo dá ayaba yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀ ń jó ní pálọ̀ ni.”

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. “Oníranù,” ni wọ́n wí. “Nínú gbogbo ilé tó wà ní London, tèmi lo rí ki iwin bọ̀?” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Kí ló fẹ́?”

“Ta ni, Auntie?”

“Ayaba náà! Ta ló ń jà láìfẹ́ nǹkan kan? Tí o ò bá sọ ohun tó fẹ́, mi ò lọ ibì kankan.”

Hẹ̀ẹ́! Mo ti kọ ìwé náà dé ìdajì, mi ò bi í léèrè rí. “Kò fẹ́ ọmọ yín o,” ni mo sáré sọ.

“Kó má dán an wò.”

Bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì ṣílẹ̀kùn, ó gba iwájú ilẹ̀kùn wa tó ṣí sílẹ̀ kọjá, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa, ó bọ́ sí títì.

“Wọn ò kí i ni, Auntie,” ni mo wí. “Látìgbà tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó kí i rí.”

Auntie ń wo ẹnu ọ̀nà.

“Ọdún mẹ́rin,” ni wọ́n wí. “Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kí èyí tó kọjá yẹn, kò dá mi lóhùn rí. Èmi náà ì bá ti gbógun dìde, oyún ni ò jẹ́.” Ni ẹ̀rín bá bú lẹ́nu wọn. Àwa méjèèjì rín in títí, ikùn wọn ń mì, mo ń bẹ̀rù kó má lọ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa bímọ sí. “Gbé báàgì mi,” ni wọ́n wí.

Wọ́n fọwọ́ síwèé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tó di àárọ̀ Saturday tá a kẹ́rù dé, Auntie ò jẹ́ ká gbé nǹkan kan wọlé. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ sétí omi, wọ́n yíkàá díẹ̀, ìwọ̀n tí oyún gbà wọ́n láyè.

“Ẹ káàárọ̀ o, ìyá onílẹ̀! Àwa la kó dé. Lórúkọ Jésù, a ò bá tìjà wá.”

Omi dákẹ́. Auntie rò ó díẹ̀, wọ́n ní bóyá kò gbọ́ Yorùbá, ṣebí Thamesmead la wà. Ni wọ́n bá gbóhùn sókè: “Good morning, ma!”

Ìyá òyìnbó arúgbó kan wà lẹ́yìn ọgbà kejì, ó ń sá aṣọ, a ò tiẹ̀ rí i. Ó gbé orí sókè láàárín aṣọ, ó juwọ́ sí wa. “Good morning, darling.”

Auntie di ọwọ́ mi mú, omijé ń bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. “Ó dáhùn,” ni wọ́n wí. “Ṣé o gbọ́? Ó dá mi lóhùn.”