Aago Tó Wà Níwájú Orí Ìyá Mi

Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Pọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n èmi àti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tètè rí i pé a ò bára wa mu. Alùpùpù ni mo fi ń gbé èrò jẹun, èyí tí à ń pè ní sémíjàn lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ tí ẹ bá wọlé mi, tí ẹ rí ọ̀dínátọ̀ mi, ẹ ó rò pé ẹnjiníà kan ló ń gbébẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò gan-an nìyẹn.

Ọ̀dínátọ̀ ọ̀hún, kọ̀ǹpútà àlòkù ni. Ó ti gbó débi pé ẹni tó tà á fún mi ní Ṣakẹ́tẹ́ sọ pé ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Línúùsì nìkan ló lè gbé e dìde. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, ó ní mo sì lè tún ojú ẹ̀ ṣe bó bá ṣe wù mí. Kò yẹ kó sọ ìkejì yẹn fún mi. Látọjọ́ náà, mi ò fi ẹ̀rọ yẹn ṣe iṣẹ́ kankan tó lórúkọ. Ojú ẹ̀ ni mò ń tún ṣe. Màá yí àwọ̀ àwọn fèrèsé inú ẹ̀ padà, màá jókòó tì í, màá máa wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mò ń fi ṣe gan-an. Mo ní mò ń tò ó ni. Ó ní ó dáa, tí mo bá tò ó tán, kí n bá òun to páànù ilé ìdáná tó ń jò.

Nígbà tí ìyá mi kú, mo fi fótò rẹ̀ sójú ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn gbogbo nǹkan, kí n lè máa rí i. Fótò kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Kò fẹ́ràn kí wọ́n ya òun. Oníṣòwò kan láti Nàìjíríà, tí wọ́n jọ ń pàtẹ lọ́jà Pọ́bẹ̀, ló fi fóònù yà á lójijì níbi tó ti ń bu epo, tó ń rẹ́rìn-ín, ló bá fi ránṣẹ́ sí mi. Oníṣòwò náà ti lọ sílé ẹ̀, mi ò mọ ibẹ̀. Fóònù tèmi ti já sómi. Ó wá ku ti inú ọ̀dínátọ̀.

Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni gbogbo fèrèsé mi nígbà yẹn, ìyá mi sì pupa. Mo rò ó pé kò bá fèrèsé mi mu. Ìyá mi ni mò ń sọ o. Mo bá kùn ún láwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, tòun ti epo tó ń bù. Ẹ̀rọ bi mí pé ṣé kí òun fi èyí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Mo tẹ "wíì", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbé aago sí i níwájú orí, mo fi nọ́ńbà tó ń sọ iye iná tó kù nínú bátìrì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì fi ìlà kan tó ń jó sókè jó sílẹ̀ sí i lágbọ̀n. Mo fi han àwọn tí mi ò mọ̀ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yìn mí. Ẹnì kan ní kí n fún òun ní àwọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó béèrè obìnrin náà.

Àbúrò ìyá mi ń gbé ní Àgùídì, lábúlé lọ́nà Ṣakẹ́tẹ́. Ojú ẹ̀ kan ti bò, ẹ̀rù sì ń bà á pé èkejì fẹ́ tẹ̀ lé e. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ rí fótò ẹ̀gbọ́n òun nígbà tí òun ṣì ń ríran, kí n sì bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tí òun máa gbé kọ́ ògiri. Mo lọ fi alùpùpù gbé e. Lójú ọ̀nà, ó ń sọ fún mi lẹ́yìn bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe pupa tó nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọge. Mò ń dáhùn "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n". Àwọ̀ ewé yẹn ti mọ́ mi lójú débi pé mi ò rí i mọ́.

Mo gbé àga fún un, mo ṣí ẹ̀rọ. Kí n má parọ́, mò ń retí kó yìn mí fún aago náà.

Ó wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo aago, ó bo nọ́ńbà, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin lójú ọmọ.

"Ta nìyí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ni, Màmá."

Ó wá ní, "Ó ti tán. Mi ò mọ àwọ̀ mọ́. Ìkejì náà ti lọ."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń fi etí ìró nu ojú tó dára.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mò ń wo aago tó ń lọ níwájú orí ìyá mi, mo sì ń rò ó, mo rò ó lóòótọ́, pé ó sàn kó jẹ́ ojú ẹ̀ ló bàjẹ́ ju kó mọ̀ pé ọwọ́ mi ni.

Ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀ látẹnu ọ̀nà. "Màmá, kò sóhun tó ṣe ojú yín. Ọmọ yín ló kun ìyá ẹ̀. Àwọ̀ wo lẹ rí lára aṣọ mi yìí?"

"Pupa."

"Ojú yín wà níbẹ̀ nìyẹn. Orí ọkọ mi ni kí ẹ bá mi yẹ̀ wò."

Àbúrò ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́, bí ẹni pé èmi ni dókítà tó la òun lójú. Èébú ìbá tù mí lára ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dá pupa ẹ̀gbọ́n òun padà. Mo ní kò ṣeé ṣe mọ́, mo ti fi èyí pa á rẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ló sọ. "Ẹ̀rín ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Mo yọ aago àti gbogbo pàǹtí yẹn kúrò. Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ ní Pọ́bẹ̀ ń bẹ̀ wá, ó rò pé yíǹkì òun ló bàjẹ́. Mi ò ṣàlàyé.

Ó ti wà lára ògiri ní Àgùídì báyìí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni àbúrò ìyá mi ń fi hàn. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ó pupa gan-an o. Ọmọ ẹ̀ yìí ló ṣe é láwọ̀ ewé, ó mọ ọ̀dínátọ̀ lò."

Wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́. Màá ní a dúpẹ́, màá sì lọ jókòó síbi tí mo ti kẹ̀yìn sí ògiri yẹn.